Ìwé Gbèsè Ọdún 2024

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni mo jókòó sẹ́yìn káńtà láti ka ọjà tó ṣẹ́kù. Ọdọọdún ni mo máa ń ṣe é. Mo ka mílíìkì, mo ka ọṣẹ, mo ka àbẹ́là, mo ka sàdíìnì. Ìgbà tí mo wá ṣí ìwé gbèsè láti mọ àwọn tó jẹ mí, ojú ewé oṣù kìn-ín-ní ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ọ́: ọ̀rá 6, ọ̀rá 4, ọ̀rá 9, ọ̀rá 7, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ títí oṣù fi parí. Bíró pupa ti fa gbogbo rẹ̀ já, ìyẹn ni pé ó ti san án. Mo gba owó náà.

Ọtí inú ọ̀rá ni mò ń sọ o, èyí tí a máa ń fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ìlẹ̀kẹ̀ ọlọ́jà. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí gáréèjì, ní Kafanchan níbí. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tà á. Onítẹ̀bọmi ni wá nílé wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá mi ti bá ojú irin wá sí ìlú yìí láti ta aṣọ, níbi tí ọ̀nà rélùwéè tó ń bọ̀ láti Port Harcourt ti pín sí ti Kàdúná àti ti Jos. Ẹnikẹ́ni kì í mu ọtí nílé wa. Títà rẹ̀ ni kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lé lórí. Pásítọ̀ á wá ra mílíìkì lọ́dọ̀ mi, á máa wo òkè àjà bí ẹni tó ń wá aláǹgbá, èmi náà á sì bá a wo òkè títí màá fi fún un ní ṣéńjì.

Àbúrò mi ń gun ọ̀kadà, tí a ń pè ní àchàbà níbí. Tírámọ́, ìyẹn tramadol, oògùn ìrora, ló kọ́kọ́ kọ́. Àwọn tó ń gun àchàbà máa ń lò ó kí ó má bàa rẹ̀ wọ́n. Èyí tí dókítà máa ń kọ fún ẹni tí nǹkan ń dùn kò ju mílígírámù 50 tàbí 100 lọ, ṣùgbọ́n 200 àti 225 ló wà lójú títì. Kì í jẹ́ kí ó sùn, nígbà tí ilẹ̀ bá wá ṣú, ọ̀rá mẹ́ta mẹ́rin ni yóò fi wá oorun. Hóró fún jíjí, ọ̀rá fún sísùn. Àwọn Hausa pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, shaye-shaye, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pé mímu káàkiri. Kò sí ìdílé tí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ lára rẹ̀ ní ìlú yìí. Mo ṣáà ti fi í sí ilé àwọn ẹlòmíràn.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì, NAFDAC ní àkókò ti tó, kò sí ọtí inú ọ̀rá mọ́, kò sì sí inú ìgò tí kò tó mílílítà 200 mọ́. Kì í ṣe ohun òjijì, láti oṣù kejìlá ọdún 2018 ni wọ́n ti bá àwọn tó ń ṣe é fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Kí n má purọ́: ìgbà tí mo gbọ́ ọ, ńṣe ni mo sáré lọ kó páálí mẹ́wàá sílé, nítorí mo mọ̀ pé yóò wọ́n. Ó sì wọ́n lóòótọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọtí jáde fẹ̀hónú hàn, àwọn aṣòfin ní kí NAFDAC ṣe sùúrù, ọ̀rá kò sì kúrò nílùú fún ọjọ́ kan péré. Oṣù kejì ni mo jèrè jù lọ́dún yìí.

Oṣù kẹta ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Àbúrò mi fi ọ̀kadà gbá ògiri ní agogo méje àárọ̀, kò sì mọ̀ pé òun gbá nǹkan. Ìyá wa ń sunkún lórí fóònù láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé wọ́n ti ṣe ọmọ òun ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ní Kàdúná ní kí a mú un lọ sí gidan mari. Ilé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ni ìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀wọ̀n so ọmọ ọlọ́mọ mọ́lẹ̀ pé wọ́n ń tún ìwà rẹ̀ ṣe. Ọdún 2019 ni ọlọ́pàá kó àwọn tó ju 300 lọ jáde nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Rigasa, ní Kàdúná, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ẹbí wọn ló mú wọn wá. Mo ní láéláé, ẹnì kankan kò ní so àbúrò tèmi bí ewúrẹ́. Mo wá tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn nílé mi, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò. Mo rò pé mo ṣàánú rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo gbé tíì fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí tíì náà fi dà sí i lára tán kó tó kan ẹnu, kò sì bìkítà pé ó gbóná. Òógùn bo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òtútù ṣì wà. Ó bi mí pé, “Àǹtí, àwọn ọmọ ta ni ẹ kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yìí?” Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàtà ló wà níbẹ̀. Kò pẹ́ tí mo jáde ni mo gbọ́ tí nǹkan ń gbá ilẹ̀kùn lemọ́lemọ́, mo rò pé ó ń bínú ni, mo ní kí ó gbá a dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Gìrì ti mú un.

Ọsibítù ìlú ni a kọ́kọ́ gbé e lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí á máa lọ sí ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Barnawa, ní Kàdúná. Dókítà tó rí wa kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ojú tì mí. Ó ní ọtí dà bí bíréèkì tí èèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún pípẹ́, ọpọlọ náà á wá kọ́ láti máa tẹ iná gidigidi kí ọkọ̀ lè máa rìn. Bí èèyàn bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ á bẹ́ gìjà. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ọjọ́ méjì ni gìrì náà sábà máa ń dé, ó sì lè pa èèyàn. Wọ́n fún un ní oògùn tí wọ́n ń dín kù lójoojúmọ́, àti abẹ́rẹ́ fítámì B1. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé, tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ tipẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tì í mọ́lé bí mo ti ṣe. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Orí bẹ́ǹṣì ní Barnawa ni ojú mi ti là sí ohun kan. Obìnrin pọ̀ níbẹ̀, àwọn kan wọ híjáàbù, àwọn kan pọnmọ. Èmi ti rò pé ọkùnrin nìkan ló ń ṣe é. Ìwádìí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí wọ́n ṣe nípa ọdún 2018 ní àwọn tó lo oògùn olóró ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù 14.3, láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, àti pé nínú ẹni mẹ́rin, obìnrin ni ọ̀kan. Mo rántí àwọn oníbàárà mi obìnrin méjì kan tí wọ́n máa ń ra ọ̀rá “fún bàbá àwọn ọmọ”. Ọkọ ọ̀kan nínú wọn ti kú láti ọdún 2021. Mo lọ síbi òkú náà.

Oṣù kẹrin ni mo já gbogbo ọ̀rá sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tèmi fi okùn tirẹ̀ kún. Èrè mi fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lọ sílẹ̀, kò sì tíì gòkè padà. Ìlú kò gbẹ. Mo sọ fún àbúrò mi pé mo jáwọ́ nítorí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ẹ má da ara yín láàmú, ibi gbogbo ni mo ti lè rà á.” Ó fẹ́ fi tù mí nínú ni.

Ohun tó ràn án lọ́wọ́ jù ni fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà nítòsí gáréèjì, tó ti jáwọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo ti kà nípa àwọn ọ̀mùtí tó máa ń pàdé láì dárúkọ ara wọn, pé ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, dókítà kan àti oníṣòwò kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn méjì péré, tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èwo ni ká má dárúkọ ní Kafanchan? Ìró ọ̀kadà rẹ nìkan ti tó kí wọ́n mọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn méjì wà: wọn á jókòó lórí táyà, wọn á máa jẹ ẹ̀pà. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé táyà ló jò.

Àwọn nǹkan yòókù lọ́dún yìí: ọmọ mi yege WAEC, fíríìjì bàjẹ́, lítà epo pẹtiróòlù kan kọjá 1,000 náírà ní oṣù kẹwàá. Oṣù kẹwàá náà ni iná lọ ní Àríwá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nínú òkùnkùn yẹn ni àbúrò mi tún padà sídìí ọtí. Owó àchàbà kò wọlé mọ́, epo ti gbé e jẹ. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ló kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó na ọwọ́ sí mi, ààbọ̀ hóró tírámọ́ wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ti gbé odindi sẹ́nu kí òun tó rántí ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, pé ara tó ti gbàgbé oògùn kò lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kú. Ó ti fi eyín gé e. Ọtí ni kò lè gé sí méjì.

Mo ti ń bá a ka ọjọ́ tí kò mu lẹ́yìn ìwé gbèsè láti oṣù kẹta. Mi ò mọ bóyá kí n máa kà á lọ. Ó gba bíró lọ́wọ́ mi, ó kọ 1.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ó ti di 60. Mo ro ti oṣù kìn-ín-ní pọ̀: ọ̀rá 187, ní 100 náírà, 18,700. Mi ò mọ apá ibi tí màá kọ ọ́ sí, ti àwọn tó jẹ mí ni tàbí ti àwọn tí mo jẹ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àbúrò mi yà lọ́dọ̀ mi. Ọdún Afan ń bọ̀ ní Kagoro ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, kò sì sí ọjọ́ tí àchàbà ń pa owó tó ọjọ́ yẹn. Kò sì sí ọjọ́ tí wọ́n ń mu tó o. Ó ní, “Àǹtí, kí lẹ rí sí i?” Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀, òun á bi fọkanáísà. Ó kọ 61. Ó mú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan lórí pẹpẹ, ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, alẹ́ lòun máa san án.

Mo kọ ọ́: ọ́ìlì 1.