Ta Ni Dókítà Ń Bá Sọ̀rọ̀? Ohun Tí A Rí Kọ́ Nípa Ọjọ́ Orí Nínú Eré Ilé Ìwòsàn

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ fẹ́ fi eré ilé ìwòsàn orí tẹlifíṣọ̀n ṣe iṣẹ́ ìwádìí, a mọ ibi tí ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀: ẹ máa ka orí. Àgbàlagbà mélòó, ọ̀dọ́ mélòó? Ẹ kà á, kò burú, àmọ́ iṣẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àgbàlagbà lè kún inú eré fọ́fọ́ kó má sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí wọ́n bi léèrè ohun tó fẹ́. Ìbéèrè tó máa ń tú àṣírí eré ni pé: bí dókítà bá wọ yàrá, ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé ẹni tó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, àbí ọmọ rẹ̀ tó dúró tì í?

Èyí ṣeé wọ̀n. Ẹ mú aago, kí ẹ máa dá eré dúró, kí ẹ sì kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀ fún ìran kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn tó ti lé ní ọdún 60 bá ti yọjú. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi sọ̀rọ̀? Gbólóhùn mélòó ni dókítà sọ sí i, mélòó ló sọ sí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ bí ẹni pé òun kò sí níbẹ̀? Ta ló fọwọ́ sí ìtọ́jú náà? Ǹjẹ́ ó sọ ohun kan nípa ara rẹ̀ tó yí èrò dókítà padà? Ìbéèrè kẹrin yìí la fẹ́ràn jù, nítorí pé wíwá ìdí àìsàn ni ọ̀pọ̀ eré wọ̀nyí dúró lé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá la dókítà lójú ni eré kà sí ènìyàn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà fún ẹ̀rín nìkan, ohun èlò orí ìtàgé ni.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ àpèjúwe sínú fọ́ọ̀mù yín. Bí ẹ bá kọ "aláìlera" síbẹ̀, ẹni méjì tó ń wo ìran kan náà kò ní fẹnu kò. Ẹ kọ ohun tójú rí: ó dá rìn, wọ́n tì í lórí kẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, wọ́n fi ṣíbí bọ́ ọ. Kí ẹni méjì kọ́kọ́ wo ìdá 10 nínú 100 àwọn ìran náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìbára wọn sọ̀rọ̀. Kí ọ̀kan jẹ́ ọ̀dọ́, kí èkejì ti dàgbà, torí ojú tí ọmọ ọdún 22 fi ń wo ẹni ọdún 58 yàtọ̀ sí ojú tí ẹni ọdún 60 fi ń wò ó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ìṣirò kappa ti Cohen wo bí wọ́n ṣe fẹnu kò tó: 1 ni pé wọ́n fẹnu kò pátápátá, 0 ni pé ìfẹnukò wọn kò ju ti oríire lásán lọ. Bí ó bá wà nísàlẹ̀ 0.6, ìtumọ̀ tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má bá ẹni tó ń wò ó jà.

Ọjọ́ orí gan-an tún pín sí mẹ́ta: èyí tí eré sọ pé ẹ̀dá-ìtàn jẹ́, èyí tí òṣèré jẹ́, àti èyí tí ojú rẹ̀ jọ. Kí kálukú ní òpó tirẹ̀ nínú tábìlì. Ẹ má sì ká gbogbo ẹni tó lé ní 60 jọ sínú àpò kan. Ẹni ọdún 63 tó ń ṣiṣẹ́ abẹ àti ẹni ọdún 91 tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú egungun ìbàdí tó kán kì í ṣe ẹgbẹ́. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, àgbàlagbà kan tí kò sí níbì kankan ni ẹ máa rí. 60 sí 74, 75 sí 84, 85 sókè: ẹ pín in bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kò sí nínú eré náà ṣeé kà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tanú tó jinlẹ̀ máa ń sá pamọ́ sí. Ní 1996, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Diem, Lantos àti Tulsky, tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú New England Journal of Medicine, ìwé àtìgbàdégbà ìmọ̀ ìṣègùn. Wọ́n wo apá 97 láti inú ètò tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mẹ́ta, ER, Chicago Hope àti Rescue 911, wọ́n sì rí ìgbà 60 tí wọ́n tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dúró. Nínú 100, ìdá 65 ló jẹ́ ọmọdé, ọ̀dọ́langba tàbí ọ̀dọ́. Lójú ayé, àgbàlagbà ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Nínú àwọn ètò náà, ìdá 75 yè lójú ẹsẹ̀, ìdá 67 sì dà bí ẹni tó padà sílé. Iye tó ń padà sílé láti ilé ìwòsàn gidi kéré sí i gan-an. Kí ló fà á? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni òǹkọ̀wé eré ní láti ba òǹwòran lọ́kàn jẹ́, ikú ọ̀dọ́ sì ni ọ̀nà àbùjá. Ikú àgbà, wọ́n kà á sí ohun tó tó àsìkò. Ẹ ò ní gbọ́ èébú kan nínú irú eré bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó ti fi hàn yín ẹ̀mí tí òun kà sí.

Ìyìn náà lè jẹ́ ẹ̀tanú. Láti ìgbà eré Dr. Kildare ní 1961 àti Marcus Welby, M.D. (1969 sí 1976) ni dókítà àgbà ọlọ́gbọ́n ti ń rìn pẹ̀lú ọ̀dọ́ tó ń kánjú. Àwa tí wọ́n fi "ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó" tọ́ dàgbà ní láti ṣọ́ra níbí, torí kíá ni a ó kọ "àwòrán rere" síwájú irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àgbà náà ń kọ́ nǹkan tuntun, tàbí kíkọ́ni nìkan ni tirẹ̀. Ẹ wo àṣìṣe pẹ̀lú: bí ọwọ́ dókítà àgbà bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ìtàn ìfẹ̀yìntì ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, bí ọ̀dọ́ bá ṣe irú rẹ̀, wọ́n á ní ó ṣì ń kọ́ṣẹ́.

Ẹni tó já okùn yìí dáadáa ni Daniel Auschlander, dókítà àgbà nínú eré St. Elsewhere. Norman Lloyd, tí wọ́n bí ní 1914, ló ṣe é. Apá mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ mú un wá fún, ó sì wà níbẹ̀ láti 1982 títí eré fi parí ní 1988. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ń ṣe dókítà náà, aṣọ funfun kò sì kúrò lọ́rùn rẹ̀. Aláìsàn ni, dókítà ni, lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Charlie Fairhead, nọ́ọ̀sì inú Casualty ti BBC: Derek Thompson ṣe é láti 1986 di 2024, ó sì dàgbà lójú òǹwòran lẹ́nu iṣẹ́. Fún irú ẹ̀dá-ìtàn bẹ́ẹ̀, ẹ mú sáà ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín àti ti ìparí. Sáà kan ṣoṣo á parọ́ fún yín.

Ẹ má gbàgbé ọ̀dọ́. Nígbà tí Robert Butler, dókítà ará Amẹ́ríkà, dá ọ̀rọ̀ ageism sílẹ̀ ní 1969, ẹ̀tanú láàárín ọjọ́ orí kan sí òmíràn ló ní lọ́kàn, yálà ní òkè tàbí ní ìsàlẹ̀. Doogie Howser, dókítà ọmọ ọdún 16 tó jáde ní 1989, wà lórí òdìkejì ọ̀rọ̀ kan náà.

Ibi tí ẹ ti máa ṣìṣe jù ni ọ̀rọ̀ ìgbàgbé. Àgbàlagbà tí iyè rẹ̀ dàrú lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, tó ń ṣe báyìí láàárọ̀ tó sì tún yàtọ̀ lálẹ́, ó lè jẹ́ àkóràn, oògùn tuntun tàbí àìtó omi lára ló fà á, ó sì sábà máa ń lọ bí wọ́n bá tọ́jú ohun tó fà á. Àrùn ìgbàgbé máa ń gba oṣù tàbí ọdún. Eré máa ń da méjèèjì pọ̀, ẹni tó ń kọ fọ́ọ̀mù náà á sì dà á pọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan tó mọ ìtọ́jú àgbàlagbà kó yẹ ohun tí ẹ kọ nípa èyí wò. Ellis Grey, ìyá olú ẹ̀dá-ìtàn nínú eré Grey's Anatomy, fi hàn pé Alzheimer, irú àrùn ìgbàgbé kan, lè mú ẹni tí kò tíì darúgbó, èyí dára. Ṣùgbọ́n ìtàn ọmọ rẹ̀ ni àìsàn náà ń sìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ní sáà kẹta ó ní ọjọ́ kan tí iyè rẹ̀ ṣí, tó sọ̀rọ̀ fún ara rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ yẹn lọ́tọ̀.

Aago náà ní ibi tí kò dé. Nínú eré The Pitt (2025), ọkùnrin àgbàlagbà kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n má ki ọ̀pá mímí sí òun lọ́fun; àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n ki ọ̀pá náà sí i lọ́fun. Bí ẹ bá ka ìṣẹ́jú àáyá nìkan, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó fẹ́ ni gbogbo ìjà náà dá lé lórí. Ẹ fi òpó mìíràn kún tábìlì: ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, àti ẹni tó ka ìwé rẹ̀ sókè nínú ìran náà.