Omi tàbí Afẹ́fẹ́? Ibi Tí Mo Fẹ̀yìn Tì Lórí Káàdì GPU Ńlá

Oníbàárà tó bá ti ní owó RTX 4090 tàbí 5090 lọ́wọ́, ìyẹn àwọn káàdì GPU ńlá tí Nvidia ṣe fún àwòrán àti ìṣirò inú kọ̀ǹpútà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí kó tó jókòó: "Àǹtí, ṣé ẹ máa fi omi sí i fún mi?" Omi tí yóò máa mú káàdì tutù dípò fáànù lásán ló ń sọ. Mo máa ń ní kó jókòó ná. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to kọ̀ǹpútà fún àwọn tó ń gé fíìmù, àwọn tó ń fi Blender, ètò àwòrán 3D, ṣe eré, àti láìpẹ́ yìí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé AI ṣiṣẹ́ nínú yàrá wọn. Ìbàdàn ni mo wà, oòrùn oṣù kẹta níbí kì í sì wojú ẹnikẹ́ni. Torí náà, ìdáhùn mi lè má bá èyí tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń ṣe fídíò ní Kánádà mu.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí GTX 480 ti Nvidia jáde ní ọdún 2010, 250 wáàtì ni wọ́n kọ sí i, àwọn èèyàn sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ó ṣeé dín ẹyin lórí rẹ̀. RTX 3090 ti ọdún 2020 gbé e dé 350. RTX 4090 tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 gbé e dé 450, RTX 5090 tó dé ní oṣù kìíní ọdún 2025 sì sọ ọ́ di 575. Gbogbo iná tí káàdì bá jẹ ló ń di ooru, kò sí èyí tó ń sọnù lọ́nà. Ẹ wá fi ojú inú wo 450 wáàtì nínú yàrá kan ṣoṣo tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nìyí: omi kì í pa ooru. Ó ń gbé e kiri ni. Ó ń gbà á lára chip, ọpọlọ káàdì náà, ó ń gbé e gba inú páìpù dé ibi rádíétọ̀, fáànù á sì fẹ́ ẹ dà sínú yàrá yín. Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá wà ní 34°C, omi yẹn kò lè tutù ju 34°C lọ, àfi tí ẹ bá so ẹ̀rọ amómitutù mọ́ ọn, ìyẹn sì ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Tí ẹ bá jókòó ti kọ̀ǹpútà náà, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe afẹ́fẹ́, bákan náà lẹ máa làágùn.

Ẹ̀rín tiẹ̀ máa ń pa mí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ káàdì alafẹ́fẹ́ bí ẹni pé kò sí omi nínú rẹ̀. Omi wà níbẹ̀. Àwọn páìpù bàbà tó gba àárín irin pẹlẹbẹ inú káàdì kọjá, omi díẹ̀ ni wọ́n dé mọ́ inú wọn, wọ́n sì ti fa afẹ́fẹ́ inú wọn jáde kí omi náà lè tètè hó. Níbi tó ti fara kan ooru chip, omi á di oru. Oru á sáré lọ sí apá tó tutù, á tún di omi níbẹ̀, inú páìpù á sì fà á padà bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Kò sí pọ́ńpù níbẹ̀. Fáànù nìkan ló ń yí, fáànù sì ṣeé pààrọ̀.

Àwọn tó ṣe 4090 gbẹ́kẹ̀ lé ọgbọ́n yìí débi àṣejù. Òmíràn nínú wọn gba àyè sílọ́ọ̀tì (ojú ibi tí a ń ki káàdì bọ̀) mẹ́ta àbọ̀, ó wúwo ju kílò méjì lọ, mo sì máa ń fi ọ̀pá gbé e nídìí kó má bàa tẹ̀. Èrè àṣejù náà ni pé nínú yàrá tó wà ní nǹkan bí 22°C, irú káàdì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 60 sí 70°C tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi. Ìṣirò tó kù kò le. Bí yàrá wa bá fi 12 gbóná ju yàrá wọn lọ, káàdì náà á fi bí 12 gbóná sí i, ìyẹn á sì gbé e dé nǹkan bí 80. Ààlà tí Nvidia kọ fún 4090 jẹ́ 90°C. Fáànù á pariwo lóòótọ́, àmọ́ káàdì kò ní kú.

Kí a tó dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ rárá, mo máa ń ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, níwájú oníbàárà, kí n wá kọ nvidia-smi -pl 320 síbẹ̀. Mo ti dín 450 kù sí 320 nìyẹn. Àdínkù tó máa bá iṣẹ́ Blender kò tó bí ẹ ṣe rò, torí pé wáàtì tó gbẹ̀yìn nínú 450 yẹn, eré díẹ̀ ló ń rà. Ariwo á rọlẹ̀, ooru á rọlẹ̀, bátìrì ínfátà náà á rí ìsinmi. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, ẹ máa tún un kọ tí ẹ bá tàn án padà, tàbí kí ẹ fi MSI Afterburner, ètò tó ń darí káàdì, sí i kó máa bá yín rántí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wá bá mi nítorí omi, ibí yìí lọ̀rọ̀ wọn máa ń parí sí. Tó bá kù, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra kéèsì tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, kí wọ́n gbàgbé èyí tí wọ́n fi gíláàsì dí iwájú rẹ̀ pa. Ẹwà gíláàsì yẹn, káàdì ló ń san owó rẹ̀.

Nvidia fúnra rẹ̀ ṣe 5090 tirẹ̀ ní sílọ́ọ̀tì méjì péré fún 575 wáàtì. Wọ́n fi liquid metal, irin tó ń ṣàn bí omi, sí àárín chip àti irin, wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fáànù méjèèjì gba inú káàdì kọjá. Mo júbà iṣẹ́ ọwọ́ yẹn. Àmọ́ òkè ló ń fẹ́ ooru náà sí, síbi tí processor jókòó sí, ẹ sì ní láti wá ọ̀nà àbájáde fún un nínú kéèsì.

RTX 3090 ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ni wọ́n ń gbé wá sọ́dọ̀ mi jù ní tòkunbọ̀. Ó ní mẹ́mọ́rì 24GB, owó rẹ̀ kò sì tó ti 4090, àwọn ọmọ AI kò lè fi í sílẹ̀. Nígbà tí Ethereum, owó orí ayélujára, jáwọ́ nínú fífi káàdì wa owó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọ̀pọ̀ èyí tó ti ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ló já sọ́jà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ chip 24, 12 níwájú, 12 lẹ́yìn. Gbogbo fáànù àti páìpù bàbà yẹn, iwájú ni wọ́n ń tọ́jú. Àwọn tẹ̀yìn ń gbẹ́kẹ̀ lé pádì, ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru láti chip sí irin, àti irin pẹlẹbẹ tó bò wọ́n. GDDR6X, irú mẹ́mọ́rì tó wà lórí rẹ̀ yìí, ń gbóná gan-an. Tó bá dé 110°C, káàdì á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ẹ ó sì máa wò ó pé chip gangan wà ní 68, kò yẹ kó máa falẹ̀. Ẹ ṣí HWiNFO, ètò tó ń fi ìgbóná hàn, kí ẹ wo ìlà tí wọ́n pè ní memory junction, ìyẹn ìgbóná mẹ́mọ́rì. Ibẹ̀ lòótọ́ wà.

Ẹni tó bá rò pé omi á yanjú ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀ blọ́ọ̀kù omi (irin tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá lórí chip) tí wọ́n ń tà fún 3090, iwájú nìkan ni wọ́n ń mú tutù. Tí ẹ ò bá ra èyí tí omi ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ náà kọjá, 12 tó wà lẹ́yìn á ṣì máa sun. Pádì tuntun àti fáànù kékeré kan tí mo kọjú rẹ̀ sí ẹ̀yìn káàdì ti yanjú rẹ̀ fún púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi. Ẹ wọn pádì kí ẹ tó rà á o. Èyí tó bá fi díẹ̀ nípọn jù, kò ní jẹ́ kí irin fara kan chip dáadáa, ẹ̀yin á sì ti sọ ìṣòro kan di méjì. Nvidia fúnra wọn rí i, torí lórí 3090 Ti, iwájú ni wọ́n kó gbogbo mẹ́mọ́rì sí.

Ó wá ku omi gangan. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni káàdì tó ti bá rádíétọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ti dé pa. AMD, ilé iṣẹ́ tó ń bá Nvidia díje, ti ṣe é tipẹ́: R9 295X2 ti ọdún 2014 jẹ́ 500 wáàtì, chip méjì lórí káàdì kan, rádíétọ̀ rẹ̀ kò sì ju 120 mm lọ. Fury X tẹ̀ lé e ní 2015, ohùn pọ́ńpù àwọn tó kọ́kọ́ jáde lára rẹ̀ sì da àwọn èèyàn láàmú. Irú èyí rọrùn láti fi sí kọ̀ǹpútà. Ohun tí kò jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ níbí ni pé pọ́ńpù wà lórí káàdì. Ọjọ́ tó bá kú, gbogbo káàdì ló ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, ẹni tó tà á sì wà lókè òkun. Omi inú rẹ̀ tún máa ń dín díẹ̀díẹ̀ gba ara rọ́bà páìpù lọ, kò sì síbi tí ẹ máa gbà bù sí i.

Ọ̀nà kejì ni kí a to gbogbo rẹ̀ fúnra wa: blọ́ọ̀kù, pọ́ńpù, agbomi, rádíétọ̀, páìpù. Èyí ni mo fẹ́ràn láti ṣe, mi ò ní purọ́. Omi lágbára. Tí lítà kan bá ń kọjá lára káàdì ní ìṣẹ́jú kan, 450 wáàtì kò ní mú un gbóná ju bí ìwọ̀n 6 àbọ̀ lọ láti ibi tó wọlé dé ibi tó jáde. Àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Bàbà àti alumíníọ̀mù kò gbọ́dọ̀ pàdé nínú omi kan náà, torí ọ̀kan á máa jẹ èkejì títí tí yóò fi lu. Wọ́n sì máa ń bi mí bóyá pure water ṣeé dà sí i. Rárá o! Omi tó mọ́ fún ọ̀fun ṣì ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, á sì lẹ̀ mọ́ àwọn ihò tín-ín-rín inú blọ́ọ̀kù. Omi distilled ni, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí èéhọ̀ hù níbẹ̀.

Ọyẹ́ náà ńkọ́? Eruku rẹ̀ ń bá méjèèjì jà, ṣùgbọ́n lára káàdì alafẹ́fẹ́ ẹ máa rí i pẹ̀lú ojú yín, ẹ ó sì fi blówà fẹ́ ẹ. Ti rádíétọ̀ máa ń sá pamọ́ sí àárín fáànù àti irin. Ẹ máa tú fáànù kí ẹ tó bá a níbẹ̀, ó sì máa ń dì bí pátákó.

Ọ̀rọ̀ NEPA kò tó bí wọ́n ṣe ń gbé e. Tí iná bá lọ lójijì, pọ́ńpù kú, káàdì náà kú pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ooru tuntun mọ́. Ibi tó léwu ni kí pọ́ńpù dákẹ́ nígbà tí káàdì ṣì ń ṣiṣẹ́. Káàdì á dín eré kù, á sì pa ara rẹ̀ tó bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń so wáyà pọ́ńpù mọ́ motherboard, pátákó tó so gbogbo kọ̀ǹpútà pọ̀, kó lè ké sí wa bí kò bá yí mọ́.

Ìgbà wo wá ni mo máa ń sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká lo omi? Tí káàdì bá di méjì. Káàdì sílọ́ọ̀tì mẹ́ta àbọ̀ méjì kì í bá ara wọn jókòó nínú kéèsì, bí wọ́n bá sì fún ara wọn mọ́ ibẹ̀, ooru ti ìsàlẹ̀ ni ti òkè á máa fà símú. Blọ́ọ̀kù omi á sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di tín-ín-rín, àyè á sì gbà wọ́n.

Ìgbà kejì ni tí a bá fẹ́ gbé ooru kúrò nínú yàrá pátápátá. Ẹ̀gbọ́n kan ní Agbowó ní 3090 méjì nínú yàrá tí kò gba AC. A gbẹ́ ihò sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, a gba páìpù méjì kọjá, a sì gbé rádíétọ̀ ńlá sí bákóní lábẹ́ òrùlé tí òjò kò lè dé. MO-RA tí Watercool ń ṣe ní Jámánì ni, ó gba fáànù 120 mm mẹ́sàn-án. Bákóní ni 700 wáàtì ń bọ́ sí báyìí. Afẹ́fẹ́ ìta lè jẹ́ 34°C náà, ṣùgbọ́n ó pọ̀, kì í gbóná sí i bíi ti inú yàrá. Owó rẹ̀ kò kéré, ìyàwó Ẹ̀gbọ́n sì bi mí bóyá ẹ̀rọ ìlọta ni. Ẹni tó bá sì ní AC ẹṣin kan tó ń ṣiṣẹ́, 9000 BTU, kò nílò gbogbo èyí: ó tó 2600 wáàtì ooru tó lè gbé jáde, kọ̀ǹpútà oní-4090 kan kò sì ju bí ìdá mẹ́rin ìyẹn lọ.

Tí ẹ bá ti wá pinnu pé omi ni, tí ẹ sì fẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà lọ Èkó, ẹ tú omi rẹ̀ dànù kí ẹ tó wọ mọ́tò, kí ẹ sì gbé e sórí ẹsẹ̀ yín. Ẹ má fi sí búùtù. Mo mọ ojú ọ̀nà yẹn.