Ilẹ̀ tó sún mọ́ títì: bí mo ṣe bá Àǹtí mi lọ wo etí òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹni tó bá ní ìbátan tó ń tajà ní Bálógun á mọ̀ pé owó àjọ kì í sùn nílé wọn, tó bá wọlé lónìí, kó tó di ọ̀la ó ti di léèsì tàbí kó ti di ilẹ̀. Ti Àǹtí mi fẹ́ di ilẹ̀. Éjẹ́ǹtì kan ti ń fi fídíò ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp láti ìgbà tí wọ́n ti ń dá àjọ náà, òkun, igi àgbọn, títì funfun báláú, ọkùnrin kan á dẹ̀ máa pariwo lábẹ́ ẹ̀ pé "ìṣẹ́jú márùn-ún péré sí Coastal Road!" Wọ́n wá pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan: "Ìwọ tó o máa ń rìn kiri yìí, tó o ń pe ara ẹ ní arìnrìn-àjò, wá sìn mí lọ wo ilẹ̀."

Bí mo ṣe dèrò Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀ẹ̀kíní jẹ́ nínú oṣù kejì, ọyẹ́ ò tíì kúrò nílẹ̀ tán. Kọ́ńpìnnì tó ń ta ilẹ̀ ló pèsè bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì gidi tó ní AC, wọ́n ní ká wá wọ̀ ọ́ ní Victoria Island láàárọ̀ Sátidé. Èmi jáde ní Sùúrùlérè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo gba Third Mainland, ṣé ẹ mọ̀ pé tí ò bá sí gòsílóò lórí afárá yẹn, kìlómítà 11.8 náà kì í ju bí ẹni fẹ́ fẹ́rẹ́. Àǹtí ti débẹ̀ ṣáájú mi, wọ́n ti dé fìlà ọ̀fẹ́ tí orúkọ kọ́ńpìnnì wà lára ẹ̀, orí gèlè ni wọ́n dé e lé. Wọ́n fún wa ní mínírà tútù àti mítípáì, ó kù kí wọ́n fún wa ní àsun.

Kí n má purọ́, Coastal Road yẹn, títì tuntun etí òkun, dáa. Ahmadu Bello Way ló ti bẹ̀rẹ̀, Kàlàbá ni wọ́n ní ó ń lọ, 700 kìlómítà. 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀, abala kìíní nìkan jẹ́ kìlómítà 47.47, ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinúbú wá ṣí kìlómítà 30 nínú ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n dà sí i o, kọnkéré ni, táyà á kàn máa ké hùùù lórí ẹ̀, òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ, atẹ́gùn iyọ̀ ń wọlé láti ojú fèrèsé tí ẹnì kan ṣí nítorí pé AC ń mú un lọ́fun. Mo jókòó ti fèrèsé bí ọmọdé. Ẹni tó bá ti gba Lekki-Epe Expressway ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé rí, tó ti jókòó sí Ajah títí tí bátìrì fóònù ẹ̀ fi kú, á mọ ohun tí mò ń sọ.

Ibi kan la dé ní Victoria Island níbẹ̀ tí Àǹtí na ọwọ́. "Ṣé kì í ṣe ibí yìí ni ọmọ mi ti ṣe bọ́ọ̀dé?" Ibẹ̀ náà ni. Landmark. 2024 yẹn ni wọ́n wó àwọn ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́ tó wà létí òkun níbẹ̀ nítorí títì. Inú bọ́ọ̀sì pa lọ́lọ́ díẹ̀. Éjẹ́ǹtì wa bá gbé orin sí i.

Nǹkan kan wà tó máa ń ṣe mí ní kàyééfì, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ ẹ̀ ná. Òkun tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí yìí náà ló wà ní Àgbádárìgì. Omi kan náà, iyanrìn kan náà, àgbọn Àgbádárìgì dẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, 1845, wọ́n ní erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú kọjá, tó bá jẹ́ ẹwà àti ìtàn la fi ń ta ilẹ̀, Àgbádárìgì ni kó wọ́n jù. Àmọ́ láti 2009 ni wọ́n ti ń sọ títì ibẹ̀ di ńlá, ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ń ṣe wáẹ́ẹ̀kì. Lápá Lẹ́kí ńkọ́? Jákàńdè la expressway síbẹ̀ nígbà tó jẹ gómìnà, afárá Lekki-Ikoyi dé ní 2013, pọ́ọ̀tù òkun jíjìn ní oṣù kìíní 2023, rìfáínárì Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, títì yìí wá gorí ẹ̀. Ibi tí títì bá kọjú sí ni owó ń sáré lọ. Òkun ò ṣe nǹkan kan sí i.

Ibi tí kọnkéré tán sí la ti yà sínú iyanrìn. Bọ́ọ̀sì rọra ń gbọ̀n, a kọjá géètì ẹ́sítéètì tó jẹ́ géètì nìkan, kò sí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí ilé lẹ́yìn ẹ̀, koríko ni. Ilẹ̀ tiwa gbẹ dáadáa, wọ́n ti ro ó, wọ́n ri píllà funfun mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ḿbà sí i. Éjẹ́ǹtì ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin ẹ wo apá ibẹ̀ yẹn, títì máa gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ní ẹ fẹ́ ibi tó sún mọ́ títì, àbí? Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti di ìlọ́po mẹ́ta." Àǹtí mi ti yọ fóònù, wọ́n fẹ́ fi owó pulọ́ọ̀tì méjì ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbà wá. Ó ń yí, ó ń yí, kò lọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká délé ná, ẹ jẹ́ kí n padà wá fúnra mi nígbà òjò." Wọ́n bínú sí mi títí tá a fi dé CMS.

Ẹ̀ẹ̀kejì, oṣù kẹfà, kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀sì fún mi. Òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀ àná. Aago mẹ́fà ni mo kúrò nílé, mo wọ dánfó ní Ọbáléndé tó ń lọ Ajah, ní Ajah mo wọ òmíràn dé jọ́ńkṣọ̀n Eleko. Coastal Road ń bẹ lọ́ọ̀ọ́kán, mi ò dẹ̀ rí dánfó kankan tó ń pè é lọ́jọ́ náà, ọ̀nà ọlọ́kọ̀ ni, àwa tá à ń wọ dánfó ṣì wà lórí ti Jákàńdè. Ó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù kí n tó rí Màrúwá tó gbà láti wọ inú lọ́hùn-ún, iye tó pè, mi ò ní kọ ọ́ síbí kí ìyàwó mi má baà kà á. Ó gbé mi dé ibi kan, ó paná ẹńjìnì.

"Ọ̀gá, ibí ni tèmi mọ."

"Ibo ló kù sí?"

Ó nawọ́ síwájú. Omi ni. Mo bọ́ bàtà, mo ká ṣòkòtò dé orúnkún, mo wọ́ odò lọ. Àbàtà ni gbogbo ibẹ̀ láti ilẹ̀ wá, ẹ ṣáà mọ̀ pé àárín òkun àti ọ̀sà ni gbogbo ilẹ̀ yẹn wà, ẹ̀ẹ̀rùn ló fi bò ó lójú wa lóṣù kejì. Mo wá píllà wa títí. Nígbà tí mo máa rí i, orí ẹ̀ nìkan ló yọ sókè omi, ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sí i lórí, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo wá gba ilẹ̀ ẹ̀. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí. Wọ́n kàn fi ìbéèrè kan dá mi lóhùn: "Ta nìyẹn?"

Òjò tún ṣú, mo sáré sábẹ́ búkà kan létí òkun níbi tí ìyá kan ti ń yan ṣáwá. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ju ẹja méjì gbígbóná sórí páálí fún mi. Èéfín ń ta mí lójú, ara mi ń gbóná bọ̀. Mo bi wọ́n léèrè nípa títì. Wọ́n ní, "Ó dáa. Nígbà tí mo délé ọkọ, ọkọ̀ ojú omi la fi ń gbé ẹja lọ Ẹ̀pẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá lòdì, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ní báyìí, àwọn oníbàárà mi ń ti Ajah wá bá mi níbí. Ẹja mi ò bàjẹ́ mọ́." Wọ́n yí ẹja kan padà. "Àmọ́ o rí ògiri yẹn? Àwọn ẹlẹ́sítéètì ló mọ ọ́n. Ibẹ̀ làwọn ọmọ mi ń gbà lọ fa àwọ̀n. Wọ́n ń yípo báyìí." Mo wo ògiri náà, ó gùn débi tójú mi ò fi rí ìparí ẹ̀, wọ́n ya àwòrán òkun sára ẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó méjì tó ń rẹ́rìn-ín.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ilẹ̀ tá a fẹ́ rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ibi táwọn oníṣẹ́ títì wá fi ọ̀dà sí igi lára nígbà kan yẹn?"

Ẹja bẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo gbé fọ́tò sọ́fè, ìwé àwòrán ilẹ̀, tí éjẹ́ǹtì fún wa lọ bá sàfẹ́yọ̀ kan, ẹni tó ń wọn ilẹ̀, ní Ìkẹjà, ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ṣe yunifásítì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lápá ibẹ̀, iṣẹ́ yìí ni kẹ́ ẹ fowó ṣe kẹ́ ẹ tó jẹ mítípáì ẹnikẹ́ni, nọ́ḿbà kan wà lára sọ́fè tí wọ́n fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ bọ́ sí gan-an lórí máàpù, wọ́n á gbé e lọ sọ́fíìsì Surveyor-General ní Aláùsá láti mọ̀ bóyá ìjọba ti mú un. Torí òfin ilẹ̀ 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ibi tí ìjọba bá ti mú, ọmọ onílẹ̀ ò ní nǹkan kan tó lè tà níbẹ̀ àfi èyí tí ìjọba bá yọ sílẹ̀ fún wọn tó dẹ̀ wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. "Excision" tí wọ́n máa ń pariwo nínú fídíò nìyẹn. Tí wọ́n bá ní ó ti "wà ní prósẹ́ẹ̀sì", kò tíì sí nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi tẹ nọ́ḿbà wọ̀nyẹn sínú láptọ́ọ̀pù. Pulọ́ọ̀tì wa yọ, onígun mẹ́rin kékeré méjì. Ó tún gbé ìlà títì lé e lórí. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. Pulọ́ọ̀tì kìíní wà nínú ilẹ̀ títì pátápátá, ìkejì kan án ju ìdajì lọ.

Nígbà tí mo dé Bálógun, Àǹtí ń ka léèsì fún oníbàárà kan. Fóònù wọn dún kí n tó jókòó, éjẹ́ǹtì ni, wọ́n fi sí sípíkà. "Mọ́mì, owó ilẹ̀ máa lọ sókè lópin oṣù o." Àǹtí sọ ohun tá a rí fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ló bá ní, "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ fẹ́ ibi tó sún mọ́ títì."

Àǹtí mi gbé léèsì sílẹ̀.

"Mo ní kó sún mọ́ títì. Mi ò ní kó wà nínú títì."