Inú Ìkòkò Ọbẹ̀ Ni Ká Ti Bẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà Bódìjà tàbí Ọjà Ọba nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, kó má wulẹ̀ túmọ̀ ìwé dókítà sí Yorùbá kó máa pín in kiri. “Ẹ dín iyọ̀ kù” ò ṣe ẹni tí kò mọ ibi tí iyọ̀ rẹ̀ wà láǹfààní.

Àmàlà fúnra rẹ̀ kò níyọ̀. Ewédú, gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata ló ní in, wọ́n á sì pàdé nínú abọ́ kan ṣoṣo. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú Mágí. Káún inú ewédú náà ní sodium, èròjà inú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ò kà á mọ́ iyọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí irú àti àlùbọ́sà gba ipò Mágí, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ tọ́ irú náà wò, torí àwọn kan máa ń fi iyọ̀ pa á mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan. Ẹ gbé iyọ̀, ṣíbí àti àwo dání. Kí màmá bu iyọ̀ tó fi ń sebẹ̀ sínú àwo, kí ẹ fi ṣíbí wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá pín in sí iye ẹnu tó ń jẹ ẹ́ àti iye ọjọ́ tó ń gbé nínú ìkòkò.

Bí ẹ bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kó fẹ̀yìn ti àga, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní déédéé ọkàn. Ẹ má wọ̀n ọ́n lórí bùbá. Bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30. Bí okùn ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ apá bá fún jù, ó máa ń gbé iye náà ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá tó 140/90, ẹ ní kó lọ tún un wọ̀n ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ mìíràn.

Láàárín àwọn Latino, ìyẹn àwọn tí ìran wọn wá láti Latin America, ní Amẹ́ríkà, ará àdúgbò tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́, tí wọ́n ń pè ní promotora, ló máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, torí èdè kan náà àti oúnjẹ kan náà ni wọ́n jọ ní. Ìyálọ́jà lè yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí.

Bí ẹ bá ń ṣàlàyé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún àwọn ìyá ọlọ́jà, ẹ má bi wọ́n pé “Ṣé ó yé yín?” Wọ́n á ní ó yé àwọn, kí ojú má bàa ti olùkọ́. Ẹ ní, “Mà, bí ẹ bá délé, báwo lẹ ó ṣe ṣàlàyé oògùn yìí fún bàbá?” Ẹni tó bá ní ìgbà tí orí bá ń fọ́ òun lòun á lò ó, òun ni kí ẹ tún jókòó tì, torí ẹ̀jẹ̀ lè ru fún ọdún púpọ̀ láìsí orí fífọ́.