Ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó lọ wo Abomey

Ẹ̀yin tí ẹ ń dá owó jọ láti háyà bọ́ọ̀sì lọ wo ààfin àwọn ọba Dàhọ̀mì ní Abomey, ní orílẹ̀-èdè Benin, mo mọ̀ pé ìjiyàn aṣọ tí ẹ máa fi ya fọ́tò lẹ wà báyìí. Ẹ fi aṣọ sílẹ̀ ná. Ẹ ní kí dírẹ́bà kó ìwé ọkọ̀ jáde, kí ẹ fi ojú ara yín wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Kì í ṣe fọ́tò orí WhatsApp o. Kì í sì ṣe "gbogbo ẹ̀ ti pé". Ìwé gan-an ni kí ẹ mú lọ́wọ́.

Inú ṣì ń bí mi, ẹ fara dà á fún mi.

Àárọ̀ kùtù la gbéra l'Ékòó, ẹ̀rín la sì rín dé Sẹmẹ̀. Pásípọ́ọ̀tù wa pé, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wa pé. Wọ́n lu òǹtẹ̀ fún wa, a ṣẹ́ náírà sí sẹ́fà, a kọjá. A fi Kútọnu sẹ́yìn, a gba ọ̀nà Allada lọ sókè. A ò tíì dé Bohicon tí ọlọ́pàá kan fi dá wa dúró, ó ní ká mú Brown Card wá.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìnṣọ́ránsì tí à ń san ní Nàìjíríà lásán kì í ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ bá ti kọjá ẹnubodè. Brown Card ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS jọ fẹnu kò lé lórí lọ́dún 1982, pé bí ọkọ̀ ìlú kan bá gbá èèyàn ní ìlú kejì, owó á wà láti fi tọ́jú onítọ̀hún. Dírẹ́bà wa na tiẹ̀ sí ọlọ́pàá náà nínú ọ̀rá. Ó ti ká a débi pé ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí ló wọ inú, ojú ibi tó ká sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ọlọ́pàá yọ ọ́ nínú ọ̀rá, ó tú u díẹ̀díẹ̀, ó fi èékánná tọ́ka sí ọjọ́ náà. Ó ti kọjá láti oṣù tó ṣáájú. Kò pariwo. Ó kàn na ọwọ́ wọ inú ọkọ̀ láti ojú fèrèsé, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Ìyà bẹ̀rẹ̀. Faransé ni wọ́n ń sọ, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ju "bonjour" lọ nínú wa. Ọ̀rẹ́ wa tó bá wa wá ọkọ̀, tí owó gbogbo wa sì wà lápò rẹ̀, ní òun á lọ wá nǹkan ṣe sí i ní Bohicon. Ó gun zémì, ọ̀kadà tiwọn lọ́hùn-ún, ó lọ. A retí rẹ̀ títí. Síìmù Nàìjíríà wa ò gbé ìpè. Omi tán. Dírẹ́bà na ara rẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sùn, ó tún ń hanrun! Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, ọ̀kan nínú wa sọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wa: "Ṣé kì í ṣe pé bọ̀dá yìí ti sá lọ báyìí?" Ìjà dé. Ta ló ní kí á kó owó fún ẹnì kan ṣoṣo? Ọ̀rọ̀ gbèsè àtijọ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹnì kan tí ẹnì kan ò wá náà wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi, pé kí ló dé tí mi ò bèèrè.

Èmi tí mo bèèrè! Ó ṣì wà nínú gúrúùpù wa: "Ìwé ọkọ̀ ńkọ́?" Èsì tí mo gbà ni pé bàbá yẹn ti ń rin ọ̀nà náà tipẹ́. Mo ní kó gbé e wá ká wò ó, wọ́n ní wàhálà mi pọ̀.

Ìyá kan tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ló gbọ́ tí à ń bú ara wa ní Yorùbá. Ọmọ Kétu ti ilẹ̀ Benin níbẹ̀ ni. Ó bá wa bẹ ọlọ́pàá, ọ̀rẹ́ wa dé, a ra ìnṣọ́ránsì, a san owó ìtanràn, wọ́n fún wa ní rìsíìtì. Bohicon la sùn.

Ààfin ọ̀hún dára, mi ò ní purọ́. Ọba méjìlá ló jẹ ní Dàhọ̀mì láàárín 1625 sí 1900, wọ́n sì ń kọ́ ààfin tuntun mọ́ ti àtijọ́. UNESCO kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 1985. Àwòrán ẹranko àti ogun wà lára ògiri amọ̀ náà. Ọmọ Ẹ̀gbá àárín wa ń fọ́nnu pé ẹ̀ẹ̀mejèèjì tí àwọn ará Dàhọ̀mì gbógun wá sí Abẹ́òkúta, ní 1851 àti 1864, làwọn lé wọn padà. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ àlàyé, bọ́ọ̀sì lọkàn mi wà.

Torí náà, ẹ pín owó sí àpò tó ju ẹyọ kan lọ. Ẹ ra síìmù ibẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní ẹnubodè. Ẹ mú ẹni tó gbọ́ Faransé tàbí Fọn dání, torí Yorùbá á wúlò fún yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kétu ju apá Abomey lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ẹ ò wo ìwé ọkọ̀, ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan. Làísẹ́ǹsì dírẹ́bà, ìwé ẹni tó ni ọkọ̀, Brown Card: ẹ tú u, ẹ má wò ó nínú ọ̀rá. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ tí ẹ máa padà wálé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ máa lọ nìkan. Tí ẹni tó bá yín wá ọkọ̀ bá bínú pé ẹ ò gba òun gbọ́, ẹ jẹ́ kó bínú nílé.

Wọ́n ní kí n má kọ èyí síta nítorí ọ̀rẹ́. Ṣé mo dárúkọ ẹnikẹ́ni? A ò tíì parí lórí owó ìtanràn yẹn. Dírẹ́bà ní òun ò ní san kọ́bọ̀, àwọn kan sì ní ká pín in dọ́gba. Èmi ò pín in o. Ẹni tó ní gbogbo ẹ̀ ti pé ni kó san án.