Ẹ bi wọ́n pé ìlàjì kejì dà: ohun tí mo kọ́ níbi tí wọ́n ti ń wá wúrà

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ẹ̀gbọ́n, ṣé ká ra ṣíà àwọn tó ń wá wúrà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwa tá a ní ṣíà kékeré lọ wo ibi tí wọ́n ti ń dírílì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kò jìnnà sí Iléṣà. Owó tèmi níbẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n òógùn ojú mi ni, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹsẹ̀ ara mi lọ.

Àárín oko kòkó ni rígì yẹn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ihò wọlẹ̀, wà, ariwo ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ kẹ́ ẹ tó rí i. Irin oníhò ni wọ́n ń yí wọlẹ̀, dáyámọ́ńdì wà lẹ́nu ẹ̀, òkúta tó bá gé á wọnú ihò irin yẹn, wọ́n á wá fà á jáde ní mítà 3, mítà 3, róbótó bí ọmọ odó tẹ́ẹ́rẹ́. Core ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á tò ó sínú àpótí gbọọrọ, wọ́n á fi pátákó kékeré kọ bó ṣe jìn tó síbẹ̀.

Wọ́n da omi sórí ọ̀kan, ló bá ń dán yinrin, gbogbo wa yọ fóònù. Ọmọbìnrin jiọ́lọ́jísìtì kan ló rọra sọ fún mi pé, "Sà, ẹ má wo dídán yẹn o, pyrite, òkúta tó ń dán bíi wúrà tí kì í ṣe wúrà, ló pọ̀ jù níbẹ̀, wúrà gan-an ojú kì í sábà rí i, láàbù ló máa sọ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yẹn títí, torí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, fọ́tò òkúta tó ń dán báyìí ni mo wò tí mo fi kówó lé ilé iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, owó yẹn ò padà wá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo pátákó kéékèèké yẹn. Ọ̀kan kọ 84, èyí tó tẹ̀ lé e kọ 87, ṣùgbọ́n nígbà tá a fi téèpù wọn òkúta tó wà láàárín wọn, mítà 1 àtààbọ̀ péré ni. Mo ní ìyókù ńkọ́? Ọmọbìnrin yẹn ní ibẹ̀ ti rún, omi ti gbé e lọ. Ẹ wò ó, ibi tó rún yẹn gan-an ni quartz, òkúta funfun tí wúrà sábà máa ń wà nínú ẹ̀, wà, tó ti fọ́ wúruwùru bíi gàrí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń wá wúrà sí! Tí láàbù bá wá fún wọn ní nọ́ńbà bí wúrà ṣe pọ̀ tó nínú mítà 3 yẹn, ìdajì òkúta ló sọ̀rọ̀. Ó ṣí ìwé ẹ̀ hàn mí, ó ti kọ 50% síbẹ̀, kò fi pamọ́. Irú ẹni tẹ́ ẹ lè fọkàn tán nìyẹn.

Ẹ tún bi wọ́n pé ìlàjì kejì dà. Ayùn ni wọ́n fi ń la core sí méjì, ìlàjì kan á lọ láàbù, ìlàjì kejì á dúró sínú àpótí, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bre-X, ilé iṣẹ́ Kánádà tó ní òun rí wúrà rẹpẹtẹ ní Busang ní Indonéṣíà, lílọ̀ ni wọ́n ń lọ òkúta wọn pátá, wọn ò fi ìlàjì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ń bu wúrà sínú ẹ̀ kó tó dé láàbù. Ìgbà tí Freeport, ilé iṣẹ́ awakùsà ti Amẹ́ríkà, lọ dírílì tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn ní 1997 ni àṣírí tú, ṣíà tó ti tó bílíọ̀nù dọ́là di bébà lásán.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà náà ńkọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé wọn pé mítà 12 ní gíráàmù wúrà 5.2 nínú tọ́ọ̀nù òkúta kan. Mo wo tébù tó wà lẹ́yìn ìwé, mítà 2 ló ní gíráàmù 30, mítà 10 tó kù ò ju 0.24 lọ, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ wọ́n pín in. Irọ́ kọ́ o, ṣùgbọ́n ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹran méjì wà nínú ọbẹ̀ èèyàn méjìlá téèyàn wá ń sọ pé gbogbo wọn ló jẹ ẹran. Ẹ tún béèrè bí wúrà yẹn ṣe nípọn tó gan-an, torí bí irin bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á gùn lórí ìwé. Tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan gé dòdò, ẹyọ kan á gùn gan-an, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò tóbi sí i.

Láìsẹnsì ìwákiri náà, ọdún 3 ni, wọ́n lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ọdún 2, ọdún 2, ẹ wo iye tó kù. Ilé iṣẹ́ tó ṣì ń wá wúrà ò tíì rí nǹkan tà, ṣíà tuntun ni wọ́n sábà ń tà láti rówó dírílì, tiyín á sì máa kéré sí i.

Ká tó kúrò, mo ní kí wọ́n ṣí àpótí ihò tí wọn ò bá nǹkan kan nínú ẹ̀ fún mi. Ọ̀gá wọn kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní kí wọ́n ká tapólíìnì. Àpótí ibẹ̀ pọ̀ ju tàwọn tí wọ́n fi hàn wá láàárọ̀ lọ dáadáa. Mo wò wọ́n títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mi ò ta ṣíà mi, mi ò sì tíì fi kọ́bọ̀ kún un.