Ọ̀nì lára aṣọ Màmá

Iná lọ lálẹ́ àná, níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì ń ka ìtàn kan lórí fóònù fún Màmá àgbà. Ojú wọn ti fọ́ tipẹ́.

"Cathedral" ni ìtàn ọ̀hún, Raymond Carver ará Amẹ́ríkà ló kọ ọ́, ó jáde ní 1981. Ọkùnrin kan kò fẹ́ràn afọ́jú tó wá kí ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, afọ́jú gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n jọ ń ya ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sórí àpò bébà. Afọ́jú ní kí ọkùnrin náà di ojú. Nígbà tó ní kó là á, ọkùnrin yìí kò là á.

Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ríran." Wọ́n ní kí n gbé aṣọ olónà wọn wá láti inú àpótí.

"Di ojú ẹ. Má yọjú o!"

Wọ́n fa ìka mi gba ara aṣọ náà, díẹ̀díẹ̀. Òwú tó yọ sókè, tó rí ṣákiṣàki, tó tún ń rùn bíi káńfọ̀. Mo ní ẹja ni. Wọ́n gbá mi lọ́wọ́: "Ẹja wo ló ní ẹsẹ̀ mẹ́rin? Ọ̀nì ni!"

Láti kékeré ni mo ti ń rí aṣọ yẹn léjìká wọn. N kò rí ọ̀nì kankan.

Ìrù rẹ̀ ni mo dé tí àdúgbò fi pariwo pé iná ti dé. Mo ṣì di ojú.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ẹ ti fi ọwọ́ rí tí ojú yín kò rí?